Òjìji Ọ̀pá Kan: Bí Olùkọ́ Ṣe Lè Fi Ìrísí Ayé Han Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Ohun tí ó mú mi gbé kálàmù lónìí kì í ṣe ọgbọ́n tí mo ní, bí kò ṣe ìtìjú tí ó bá mi. Àwọn àgbà a máa wí pé bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Èmi ti ṣubú níwájú kíláàsì, mo sì ti wo ẹ̀yìn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, kí ẹnikẹ́ni nínú yín má baà ṣubú síbi tí mo ṣubú sí.

Ní àkókò tí a rán wa lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ abúlé, kíláàsì kẹta ni a fi lé mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan mo dúró níwájú àwọn ọmọ náà, mo sì wí pẹ̀lú ìgboyà pé, "Ayé rí rìbìtì bí ọsàn, ó sì ń yí." Mo kọ ọ́ sí ara pátákó. Nígbà tí mo yíjú padà, mo rí i pé ọmọkùnrin kan ti na ọwọ́ sókè. Ó dìde, ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ta ni ó rí i?" Mo dáhùn pé, "Ìwé ni ó wí bẹ́ẹ̀." Ó tún wí pé, "Ìyá mi àgbà sọ pé ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ ni, ìyá mi àgbà kì í sì í purọ́." Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí, mo sì pàṣẹ fún un kí ó jókòó. Ó jókòó lóòótọ́; ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà títí mo fi kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, ọmọ náà kò tún na ọwọ́ sókè mọ́.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ náà, olùkọ́ wa tí ó jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì pè mí sí abẹ́ igi kan. Kò bá mi wí. Ó kàn bi mí léèrè pé, "Ìwọ fúnra rẹ ń kọ́? Yàtọ̀ sí ìwé, kí ni o fi mọ̀ pé ayé rí rìbìtì?" Mo wo ilẹ̀, n kò ní èsì. Mo ti há ọ̀rọ̀ náà sórí láti ìgbà èwe mi, ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó há nǹkan sórí kò lè fi í lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ó lè wí i létí rẹ̀ nìkan.

Ọ̀pá àti Òjìji Rẹ̀

Olùkọ́ náà ní kí n wá ọ̀pá kan tí ó tọ́, kí n rì í mọ́lẹ̀ ní gbangba níbi tí igi tàbí ilé kò ti lè ṣíji bò ó, kí èyí tí ó yọ sókè jẹ́ 100 sẹ̀ǹtímítà. Ó ní kí n fi okùn tí a so òkúta mọ́ nídìí wò ó bóyá ó dúró ṣánṣán, gẹ́gẹ́ bí àwọn bíríkìlà ti í ṣe. Lẹ́yìn èyí kí n máa sàmì sí orí òjìji rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, láti agogo méjìlá títí di agogo kan àbọ̀. Ìgbà tí òjìji bá kúrú jù lọ ni ọ̀sán gangan.

Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀sán gangan kì í ṣe agogo méjìlá rárá. Ní agbègbè Ìbàdàn, níbi tí a wà, nǹkan bí agogo méjìlá kọjá ìṣẹ́jú márùnlélógójì ni. Ìdí rẹ̀ nìyí: a gbé aago Nàìjíríà lé ìlà dígírì 15 tí ó wà ní ìhà ìlà-oòrùn, Ìbàdàn sì wà lẹ́bàá ìlà dígírì 4. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oòrùn ń lò láti orí dígírì kan dé orí èkejì, nítorí náà dígírì 11 tí ó wà láàárín gba ìṣẹ́jú 44. Òjìji kò mọ òfin ìjọba. Oòrùn nìkan ni ó mọ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹta, òjìji ọ̀pá mi ní ọ̀sán gangan kọjú sí àríwá, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bí 13 sẹ̀ǹtímítà. Lójoojúmọ́ ni ó ń kúrú sí i. Ní nǹkan bí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹrin, mo dúró ti ọ̀pá náà, mo wá òjìji rẹ̀ títí, n kò rí i. Ọ̀pá náà ti tẹ òjìji ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Oòrùn wà ní àtàrí wa gan-an. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ òjìji náà tún yọ, ṣùgbọ́n gúúsù ni ó kọjú sí! Mo pe àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wá wò ó, àwọn mìíràn sì rò pé mo ti yí ọ̀pá náà padà ní òru.

Ẹni tí ó bá ní sùúrù títí ọdún yóò fi yí po yóò rí gbogbo ìrìn òjìji náà. Ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹfà, bí ìkùukùu bá gbà fún un, yóò rí i pé òjìji náà gùn tó nǹkan bí 29 sẹ̀ǹtímítà sí gúúsù. Láti ọjọ́ náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án yóò tún pòórá lábẹ́ ọ̀pá, yóò sì tún kọjú sí àríwá. Ní nǹkan bí ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejìlá yóò gùn tó 60 sẹ̀ǹtímítà, èyí tí ó gùn jù lọ, kí ó tó tún máa kúrú bọ̀.

Kànga Síénè

Ọgbọ́n òjìji yìí kì í ṣe tuntun. Ní ọ̀rúndún kẹta kí a tó bí Krístì, Gíríìkì kan tí ń jẹ́ Eratosthenes wà ní Alẹkisáńdíríà ní ilẹ̀ Íjíbítì, ó sì jẹ́ alábòójútó ilé-ìkàwé ńlá ìlú náà. Ó gbọ́ pé ní ìlú Síénè, èyí tí a ń pè ní Aswan lónìí, tí ó jìnnà sí wọn ní ìhà gúúsù, ìmọ́lẹ̀ oòrùn a máa kan ìsàlẹ̀ kànga ní ọ̀sán gangan ọjọ́ tí ó gùn jù lọ nínú ọdún. Ṣùgbọ́n ní Alẹkisáńdíríà, ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà, ọ̀pá ń ní òjìji.

Ẹ jẹ́ kí a bá a rò ó. Oòrùn jìnnà sí wa tó nǹkan bí 150 mílíọ̀nù kìlómítà, nítorí náà ìtànṣán rẹ̀ ń dé ọ̀dọ̀ wa ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, gẹ́gẹ́ bí irun tí a fi òòyà yà. Bí ilẹ̀ bá tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ọ̀pá kan kò bá ní òjìji, kò yẹ kí ọ̀pá kankan níbikíbi ní in. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ tí ó wà láàárín ìlú méjèèjì bá tẹ̀ bí ẹ̀yìn igbá, nígbà náà ọ̀pá méjì tí ó dúró ṣánṣán kò ní kọ orí sí ibì kan náà lójú ọ̀run, oòrùn yóò sì wà ní àtàrí ọ̀kan nígbà tí yóò dà gẹ̀rẹ̀ sí èkejì.

Eratosthenes wọn ìdàgẹ̀rẹ̀ náà, ó sì rí i pé ó jẹ́ ìdá kan nínú àádọ́ta ìyípo odindi. Ìwọ̀n ọ̀nà láti Alẹkisáńdíríà dé Síénè ni wọ́n kà sí 5,000 stadia, èyí tí í ṣe ìwọ̀n àwọn Gíríìkì. Ó fi 50 sọ ọ́ di púpọ̀, ó sì rí 250,000 stadia gẹ́gẹ́ bí ìyípo gbogbo ayé. Ọkùnrin náà kò rìn yí ayé ká. Òjìji ni ó rán níṣẹ́.

Àwa náà lè ṣe é. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Èkó bá bá òmíràn ní Sókótó ṣe àdéhùn, kí àwọn méjèèjì ri ọ̀pá 100 sẹ̀ǹtímítà mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì wọn òjìji ní ọ̀sán gangan ìlú wọn ní nǹkan bí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin. Ọ̀pá Èkó kò ní ní òjìji. Ti Sókótó yóò tó 11 sẹ̀ǹtímítà àbọ̀ sí ìhà àríwá. Ẹni tí ó bá ya àwòrán ọ̀pá àti òjìji yìí sórí ìwé, tí ó sì wọn igun rẹ̀, yóò rí dígírì mẹ́fà àbọ̀ àti díẹ̀, èyí tí í ṣe nǹkan bí ìdá kan nínú márùndínlọ́gọ́ta ìyípo odindi. Láti Èkó dé ìbú Sókótó, bí a bá wọ̀n ọ́n tààrà sí àríwá lórí àwòrán ilẹ̀, jẹ́ nǹkan bí 730 kìlómítà. Ẹ fi 55 sọ ọ́ di púpọ̀: 40,150 ni yóò jẹ́. Ìwọ̀n tí àwọn ọ̀mọ̀ràn òde òní fi irin iṣẹ́ wọn rí kò ju nǹkan bí 40,000 kìlómítà lọ. Ẹ ò rí i pé ọ̀pá méjì àti ìwé ìfiránṣẹ́ kan ti tó wọn ayé!

Àwọn Ẹ̀rí Mìíràn

Ẹjọ́ tí ó ní ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kì í lágbára. Ẹ̀rí kejì wà ní etí òkun Èkó. Ọkọ̀ tí ó bá ń lọ kì í kàn kéré títí yóò fi dà bí ẹ̀tù. Ìdí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wọ̀, orí òpó rẹ̀ ni a ó rí kẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ru ẹrù sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn òkè.

Ẹ̀rí kẹta wà lójú ọ̀run. Nígbà tí ayé bá bọ́ sí àárín oòrùn àti òṣùpá, òjìji ayé a máa bo òṣùpá. Aristotle, ọlọ́gbọ́n Gíríìkì, ti kíyè sí i ní ọ̀rúndún kẹrin kí a tó bí Krístì pé etí òjìji náà a máa rí róbótó nígbà gbogbo. Ohun tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo lè ní òjìji róbótó bí a bá kọ ojú rẹ̀ sí àtùpà, ṣùgbọ́n bí a bá fi ìhà rẹ̀ kọ ọ́, òjìji rẹ̀ yóò tín-ín-rín. Ohun tí ó rí rìbìtì nìkan ni òjìji rẹ̀ ń rí róbótó láti ìhà gbogbo.

Ẹ̀rí kẹrin ni ìràwọ̀ àríwá. Ní Ìbàdàn kò ga ju nǹkan bí dígírì méje lọ sókè ilẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí igi àti ìkùukùu fi ń pa á mọ́ fún wa. Bí ènìyàn ti ń rìn lọ sí àríwá ni ó ń ga sí i. Ní Lọ́ńdọ̀nù ó ga ju dígírì 51 lọ. Lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ìràwọ̀ tí ó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kì bá tí yí ipò rẹ̀ padà fún arìnrìn-àjò.

Ní ti ìbéèrè ọmọ náà, "Ta ni ó rí i?", èsì wà fún un pẹ̀lú. Ní oṣù kejìlá ọdún 1968, ọkùnrin mẹ́ta ará Amẹ́ríkà, Frank Borman, James Lovell àti William Anders, wọ ọkọ̀ Apollo 8 lọ yí òṣùpá ká, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí ayé ní odindi, tí ó so rọ̀ nínú òkùnkùn, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí aró pẹ̀lú ìkùukùu funfun. Ẹ̀rí ńlá ni. Síbẹ̀, bí mo bá sọ èyí fún ọmọ náà, ó lè dáhùn pé, "Ìwé náà ni ó tún wí bẹ́ẹ̀, Tíṣà." Ọ̀pá kò ní irú èsì bẹ́ẹ̀.

Àtùpà, Ọsàn àti Òkòtó

Nígbà ìsinmi kékeré ní oṣù kẹfà, mo gun kẹ̀kẹ́ padà sí abúlé náà pẹ̀lú ọ̀pá mi. Mo bá ọmọ náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, mo sì dọ̀bálẹ̀ kí i. Mo bẹ̀ wọ́n kí n lè ri ọ̀pá náà mọ́ àgbàlá wọn. Ní ọ̀sán gangan, mo fi han ọmọ náà pé òjìji lọ sí gúúsù, mo sì ṣàlàyé pé ní ìgbà ọyẹ́, àríwá ni yóò máa lọ.

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, ọmọ mi, ṣé ohun tí o gbé ọ̀pá wá wò láti ọ̀nà jíjìn nìyí? Láti ìgbà tí wọ́n ti gbé mi níyàwó wá sí ilé yìí ni mo ti mọ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, oòrùn kì í wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ní ìgbà òjò, bí òjò bá dá, á bá mi níbi tí mo jókòó sí, n ó sì ká ẹní mi kúrò." Mo wo ilé náà: àríwá ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ kọjú sí. Obìnrin tí mo fi ṣe ọ̀tá ẹ̀kọ́ mi ti ń ṣọ́ oòrùn láti ọdún pípẹ́ kí n tó mọ ọ̀pá rì mọ́lẹ̀. Ohun tí ó rí tọ̀nà. Ìdí rẹ̀ nìkan ni ó kù láti sọ.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a gbé àtùpà sí àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan gún ọsàn já láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àtùpà ni oòrùn, ọsàn ni ayé. Mo yí ọsàn náà bí ìgbà tí ọmọdé bá ta òkòtó. Ìhà tí ó kọjú sí àtùpà mọ́lẹ̀, èkejì ṣókùnkùn. Àmì tí mo fi ẹfun ṣe sí ara rẹ̀ wọ inú ìmọ́lẹ̀, ó sì tún wọ inú òkùnkùn. Ọ̀sán àti òru nìyí. Kì í ṣe oòrùn ni ó ń rìn la ojú ọ̀run kọjá. Àwa ni ayé ń gbé yí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn, lẹ́ẹ̀kan ní wákàtí mẹ́rìnlélógún.

Lẹ́yìn èyí, mo dẹ ẹyọ ìgbálẹ̀ náà díẹ̀, nítorí òkòtó ayé kò nàró ṣánṣán. Ó dẹ̀ ní dígírì 23 àbọ̀. Mo wá gbé ọsàn náà yí àtùpà ká, ṣùgbọ́n mo ń kọ orí ìgbálẹ̀ náà sí òpó ilé kan ṣoṣo nígbà gbogbo. Ní ìhà kan àtùpà, apá òkè ọsàn fà sún mọ́ ìmọ́lẹ̀: oṣù kẹfà nìyẹn. Ní ìhà kejì, apá ìsàlẹ̀ ni ó gba ìmọ́lẹ̀ jù: oṣù kejìlá nìyẹn. Ìrìn yìí ni ọdún kan, ọjọ́ 365 àti ìdámẹ́rin ọjọ́. Ìdẹ̀ yìí ni ó ń mú òjìji ọ̀pá lọ tí ó sì ń mú un bọ̀, òun ni ó sì ń mú oòrùn wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìyá àgbà.

Ẹ kíyè sí àṣìṣe kan tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe. A máa ń rò pé ìgbà ooru ni ìgbà tí ayé súnmọ́ oòrùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìn-ín-ní ni ayé súnmọ́ oòrùn jù lọ, ní nǹkan bí 147 mílíọ̀nù kìlómítà, ìgbà náà gan-an ni òtútù sì ń mú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sílẹ̀ tààrà ni ó ń gbóná. Èyí tí ó dà gẹ̀rẹ̀ a máa fọ́n ká sórí ilẹ̀ púpọ̀. Ìdẹ̀ kan náà ni ó mú kí ọ̀sán Lọ́ńdọ̀nù gùn tó wákàtí 16 àbọ̀ ní oṣù kẹfà, kí ó má sì tó wákàtí mẹ́jọ ní oṣù kejìlá. Ní ti wa, tí a wà nítòsí agbede-méjì ayé, ìyàtọ̀ náà kò tó wákàtí kan.

Òjò wa pẹ̀lú ń tẹ̀lé ìrìn yìí. Ibi tí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná púpọ̀, afẹ́fẹ́ a gbéra sókè, afẹ́fẹ́ òkun a sì wọlé láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn pẹ̀lú omi. Bí oòrùn ti ń lọ sí àríwá ni òjò ń tẹ̀lé e lẹ́yìn, nítorí náà àwọn ará etí òkun ti gbìn kí òjò tó dé Sókótó. Nígbà tí oòrùn bá padà sí gúúsù, afẹ́fẹ́ gbígbẹ ti aṣálẹ̀ Sàhárà a gba ipò, a ó sì wí pé ọyẹ́ dé.

Ìbéèrè Ọmọ Náà

Nígbà tí mo gbé ọsàn kalẹ̀, ọmọ náà na ọwọ́ rẹ̀ sókè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò sí nínú kíláàsì. Ẹ̀yin ará mi, n kò lè sọ bí inú mi ti dùn tó. Ó ní, "Tíṣà, bí ayé bá ń yí báyìí, kí ló dé tí a kò ṣubú?"

Ní àkókò yìí, n kò pe ìwé. Mo jẹ́ kí ó sọ ọsàn náà sókè, ó sì padà sílẹ̀. Mo ní, "Kí ni ó fà á padà? Ayé ni. Ayé a máa fa ohun gbogbo sí àárín ara rẹ̀, ibi tí ó ń fà wá sí ni a sì ń pè ní ìsàlẹ̀. Ẹni tí ó wà ní òdìkejì ayé pẹ̀lú, ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ wà, ojú ọ̀run ni ó wà lókè orí rẹ̀." Ó tún bi mí pé kí ló dé tí a kò fi mọ̀ ọ́n lára. Mo dáhùn pé ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ ojú irin tí ń lọ jẹ́jẹ́, tí ó sì di ojú rẹ̀, kò mọ̀ pé òun ń rìn àfi bí ọkọ̀ náà bá ta gìrì. Ayé ń gbé wa ní Ìbàdàn ju 1,600 kìlómítà lọ ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n kì í ta gìrì, afẹ́fẹ́ àti igi àti ilé sì ń bá wa lọ.

Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó bó ọsàn náà, ó fún ọmọ ní ìlàjì, ó sì fún mi ní ìlàjì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, láìpẹ́ a ó jáde lọ sí oríṣiríṣi ilé-ẹ̀kọ́, níbi tí kò ní sí irin iṣẹ́ olówó iyebíye. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn dá yín dúró. Ọ̀pá kò ṣọ̀wọ́n, oòrùn kò sì béèrè owó. Ẹ rì í mọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé ibẹ̀, kí àwọn ọmọ máa sàmì sí i fúnra wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì na ọwọ́ sókè tí ó bi yín pé, "Ta ni ó rí i?", ẹ má ṣe ní kí ó jókòó. Ẹ mú un lọ sí ìdí ọ̀pá.